Òkété Nídìí Ẹ̀rọ Kọfí Ọba

Àlọ́ o! Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, torí ó gbóná. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò yà síbì kankan, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ kọfí ọba.

Òkété fẹ́ mu kọfí. Kì í ṣe bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń fẹ́ nǹkan o. Ó fẹ́ mu ún títí tí kò fi ní ku èyí tí ẹlòmíràn máa mu.

Ṣùgbọ́n ti ọba ni gbogbo kọfí tó wà nílùú ẹranko nígbà náà. Kìnnìún ọba ti dàgbà, oorun sì ti ń gbé e lórí ìtẹ́. Bí ẹjọ́ bá ti gùn, á sùn. Lọ́jọ́ kan, Ìkookò àti Àgùntàn ń rojọ́ níwájú rẹ̀, àlá oúnjẹ ló ń lá lójú oorun, ó bá sọ pé, "Jẹ ẹ́." Ìdájọ́ dé nìyẹn. Àgùntàn kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìdí nìyí tí Òòrẹ̀ alágbẹ̀dẹ fi rọ ẹ̀rọ kọfí fún ọba. Òòrẹ̀ ti gbé ọdún mẹ́ta lábẹ́ fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì kan, ó ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀rọ po kọfí dúdú kan tó ki, tí wọ́n ń pè ní ẹsipirẹ́sò. Ife kan rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ó lè jí òkú àná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ láàfin, Òòrẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó yọ ẹ̀gún kan lẹ́yìn ara rẹ̀, ó fi ń tọ́ka.

"Omi ló wà nínú àgbá yìí. Erin, ìwọ lo ní ẹsẹ̀. Máa tẹ igi yìí mọ́lẹ̀, kó lè ti omi wọ inú ìkòkò irin. Ẹfọ̀n, ìwọ lo ní èémí. Máa fẹ́ iná abẹ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí omi hó yaya, torí bó bá hó, kọfí á jóná, á sì korò bí ewúro."

"Èmi ńkọ́?" Òkété bi í. Ẹnikẹ́ni kò pè é síbẹ̀. "Ọwọ́ mi kéré, Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Ẹ fún mi níbi tí ọwọ́ kékeré ń lọ."

Òòrẹ̀ wò ó títí. Ó wá gbé asẹ́ kékeré kan fún un, tó ní ọwọ́ gígùn bíi ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ̀gún ara rẹ̀ ló fi lu ihò wínníwínní sí ìdí asẹ́ náà.

"Lọ kọfí kó kúnná bí èlùbọ́," ó ní. "Bu ìwọ̀n kan sínú asẹ́, tẹ̀ ẹ́ kó le, kí o wá fi asẹ́ há ẹnu ẹ̀rọ. Omi gbígbóná á fẹ́ kọjá, kọfí á ní kò gbọdọ̀ kọjá. Níbi tí wọ́n ti ń jà ni adùn ti ń kán sínú ife."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ òwe náà rí.

"Ojú tó dà bíi ti aago yìí," Òòrẹ̀ ń bá a lọ, "òun ló ń sọ bí omi ṣe ń bínú tó. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá dúró sórí mẹ́sàn-án, ó dáa. Ẹ wo ihò kékeré ẹ̀yìn yìí. Bí omi bá bínú kọjá ààlà, ibẹ̀ ló máa gbà jáde, á sì súfèé. Bó bá ti súfèé, ẹ dúró, ẹ tú asẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ihò yẹn o."

"A ò ní dí i," Òkété ló kọ́kọ́ dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Ọba ń mu kọfí láàárọ̀, ojú rẹ̀ ń là, ó ń dá ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́ sétí. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ni Òkété rántí pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Ẹ sì mọ̀ pé Òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bó bá bu ìwọ̀n kan, á da ìdajì sẹ́rẹ̀kẹ́, á da ìdajì sínú asẹ́. Mi ò sọ pé ó jalè o. Mo ní ó dà á sẹ́nu, kò sì rántí dá a padà ni.

Kọfí tí kò pọ̀ nínú asẹ́ kò lè bá omi jà. Omi kàn gba àárín rẹ̀ kọjá wàràwàrà bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Kìnnìún mu ún, ó ya ẹnu gbàgà, ó sùn.

"Ta ló ba kọfí mi jẹ́?" ó bú ramúramù nígbà tó jí lọ́sàn-án.

"Kábíyèsí," Òkété ní, "mi ò fẹ́ dárúkọ Ẹfọ̀n. Iná ni kò tó."

Wọ́n na Ẹfọ̀n ní pàṣán mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, Ẹfọ̀n fẹ́ná títí irun iwájú orí rẹ̀ fi jóná. Kọfí tún ṣàn bí ti àná, ọba tún sùn.

"Kábíyèsí, Ẹfọ̀n ti ṣàtúnṣe," Òkété ní. "Mi ò sì fẹ́ dárúkọ Erin. Àmọ́ ṣé bí ẹni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣe ń tẹ igi nìyẹn?"

Ọba fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹkùn ń bọ̀ lọ́la. Ó fẹ́ wá wò bóyá mo ti darúgbó. Bó bá bá mi lójú oorun, adé lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ba kọfí ọ̀la jẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀. Erin, ṣé o gbọ́?"

Erin lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń sunkún. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá (ẹ má bi mí, bí oyún erin ṣe rí nìyẹn), kò lè rìn dé ìkóríta.

"Níbo ni mo fẹ́ gbé aboyún gbà?" ó bi Òkété. "Ibí ni wọ́n ti bí bàbá mi."

Òkété kẹ́dùn gidigidi. Ó ní kí Erin sún mọ́ àgbá, kí omijé náà má baà ṣòfò.

Ilẹ̀ mọ́. Nítorí àlejò, wọ́n fún Òkété ní ìwọ̀n kọfí mẹ́ta dípò ọ̀kan. Mẹ́ta! Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wá bu amọ̀ pupa láti inú ihò ilé rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú asẹ́ dáadáa, ó wọ́n kọfí fínríntín sójú rẹ̀ kó lè máa ta sánsán. Ó sì fi aṣọ bo ojú tó dà bíi ti aago, ó ní kí eruku má baà bà á.

Ẹkùn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, Òòrẹ̀ náà wà láàárín èrò. Ẹfọ̀n dáná. Erin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ igi, ó ń kọrin, gbogbo ààfin ń gbè é. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é, ẹ má wò mí:

Mo tẹ̀ ẹ́, omi gbéra.
*Fúù!*
Mo tẹ̀ ẹ́ nítorí aya mi.
*Fúù!*
Mo tẹ̀ ẹ́ nítorí ilé bàbá mi.
*Fúù!*

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò rí mọ ohun tí amọ̀ ń dà bí iná bá mú un. Omi kò rí ọ̀nà kọjá. Lábẹ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ kọjá mẹ́sàn-án, ó kọjá méjìlá. Ihò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé jẹ́jẹ́: fíìì.

Òkété mọ̀ pé bí Òòrẹ̀ bá gbọ́, á tú asẹ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn débẹ̀, ó ki ìrù bọ ihò. Ariwo náà dákẹ́.

"Òkété," ọba ní, "kọfí dà?"

Òkété tẹrí ba. Ẹ rántí pé ìwọ̀n mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ó kù díẹ̀?"

Ó tún tẹrí ba.

Ẹkùn wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ṣé eyín ń dùn ún ni?"

Òkété tẹrí ba.

"Kí ló wá dé tó ń sunkún?"

"Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni," ọba ní. Ojú rẹ̀ ti ń pa dé, ó ti ń tòògbé. Ẹkùn ń wo adé, ó rọra na ọwọ́ sí i. "Erin," ọba tún sọ láàárín oorun, "kọfí kò jáde. Lọ kó ẹrù rẹ."

Erin gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó fi gbogbo ara sọ̀kalẹ̀ sórí igi náà. "Nítorí ilé bàbá mi!"

*Fúù!*

Ohun tí ìrù Òkété rí nínú ihò yẹn, a ò mọ̀, torí ìrù kò lẹ́nu. Òkété ló lẹ́nu, ó sì là á. "Yéè! Ìrù mi o!" Ìwọ̀n kọfí mẹ́ta tú jáde, ó bo ojú ọba, ó kún ihò imú rẹ̀, ó kún ẹnu rẹ̀. Kìnnìún lá ètè. Ó tún un lá. Ojú rẹ̀ là rekete. Ẹkùn fa ọwọ́ kúrò lára adé, ó ní eruku lòun ń bá wọn gbọ̀n.

Ihò ń súfèé fíìì káàkiri ààfin. Òòrẹ̀ tú asẹ́, ìkòkò kékeré kan jábọ́ láti inú rẹ̀, ó ti jiná dáadáa.

"Kábíyèsí," Òòrẹ̀ ní, "n ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ ìkòkò."

Ọba wo ìkòkò, ó wo Òkété. "Mo ti sọ ọ́ lánàá. Ẹni tó bá ba kọfí jẹ́, kó kúrò kí oòrùn tó wọ̀."

"Kábíyèsí," Òkété ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìrù, "Erin lẹ ń bá wí lánàá."

"Erin ni mò ń wò. Ìwọ ni mò ń bá wí."

Bí Òkété ṣe kúrò nílùú nìyẹn, tó lọ gbẹ́ ihò sínú igbó. Kọfí tó ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì, kò sì tíì sùn lóru láti ọjọ́ náà. Ẹfọ̀n béèrè pé ta ni yóò bọ́ pàṣán mẹ́fà kúrò lára òun, wọ́n ní kó mu kọfí. Ìyàwó Erin bímọ lóṣù kejì, nínú ilé, wọ́n sọ ọmọ náà ní Ilésanmí.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Òkété yàtọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mú ọ̀ràn bá ìrù. Ẹ jẹ́ ká máa jẹ ìwọ̀n tí wọ́n bá bù fún wa.

Ẹni tó bá sì ní irọ́ ni mo pa, kó mú òkété kan, kó wo ìrù rẹ̀. Láti ìdí dé àárín, ó dúdú. Láti àárín dé ṣóńṣó, níbi tó wọ inú ihò, funfun báláú.