Ìgò Jíìnì Òjélàdé

Ọdún mẹ́sàn-án ni Òjélàdé fi se oúnjẹ fún òyìnbó kan ní Èkó. Nígbà tí òyìnbó náà wọkọ̀ padà sílùú rẹ̀, Òjélàdé kó wá sí Òkè-Ìlèrí pẹ̀lú fìlà kúùkù funfun kan, ìgò jíìnì òfìfo kan, àti ẹnu. Mopélọ́lá, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé fìlà ti pọ́n, ìgò ò lómi nínú, ẹnu nìkan ni kò tíì gbó.

Yàrá kan lágbàlá ẹ̀gbọ́n Mopélọ́lá ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kì í bá wọn jà. Ó kàn máa ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, á sì máa mí kanlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kọ́ ilé ìsinmi àlejò sẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ní kúùkù tí wọ́n bá gbà yóò ní ilé oníyàrá méjì tirẹ̀, ọkàn Mopélọ́lá kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tí yóò yan kúùkù, Ọ̀gbẹ́ni Fágbohùn, ránṣẹ́ pé òun yóò yà kí Òjélàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Òjélàdé ní kí ìránṣẹ́ bá òun bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń mu. Èsì dé: jíìnì àti tóníìkì.

"Ìyẹn lásán!" ni Òjélàdé wí. "Mo lè dijú pò ó."

"Ẹ lajú ná, Bàbá Mosún. Ṣé jíìnì wà?"

"Ìgò rẹ̀ wà."

"Jíìnì ni mo bèèrè."

"A ó ra ògógóró sí i. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìyẹn mọ́ gaara, èyí náà mọ́ gaara."

"Omi odò náà mọ́ gaara."

Òjélàdé gbé ìgò rẹ̀, ó ń nù ún.

"Tóníìkì ńkọ́?"

"Kí ló wà nínú tóníìkì? Ó korò, ó sì ń hó. Ewé dóńgóyárò korò."

"Ṣé ó ń hó?"

Òjélàdé gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Mopélọ́lá dúró títí ó fi sú u. Òun náà ló padà rántí pé bí èèyàn bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, á hó yàà.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ni Òjélàdé wí.

"Omi dídì ńkọ́?"

"Àmù rẹ ńkọ́?"

"Àmù máa ń tutù, Bàbá Mosún. Kì í dì."

"Ọ̀kan náà ni!"

Mopélọ́lá bọ́ síta, ó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan kí ó má baà pariwo, ó sì wọlé padà. Òun ló se ewé, òun ló fọ́ káún, òun ló fún ọsàn. Àkọ́kọ́ ń ta bí ọṣẹ. Ìkejì, àgbo ibà pọ́ńbélé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dín ewé kù, ó kán oyin díẹ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò, ó sì tún un tọ́ wò.

"Ó dùn," ló wí, bí ẹni pé adùn náà ló ń bí i nínú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Mosún, ẹ sọ fún wọn pé ohun tá a rí nílé la fi pò ó."

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò ní jíìnì?"

"A ò ní in!"

Òjélàdé ti ń rọ ògógóró sínú ìgò. Ìdérí ìgò ti sọnù tipẹ́, ló bá wá nǹkan mìíràn fi dí i.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbohùn dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó gba ife. Ó mu díẹ̀. Ó gbé ife wò lójú oòrùn. Ó mu ún tán.

"Ó dára púpọ̀," ló wí. "Kí lẹ̀ ń pè é?"

"Jíìnì àti tóníìkì, sà."

Mopélọ́lá húkọ́.

"Mo ní, kí lẹ̀ ń pe èyí tí mo mu yìí?"

Mopélọ́lá tún húkọ́ kíkankíkan.

"Jíìnì gidi ni, sà!" Òjélàdé nawọ́ sí ìgò. "Láti ìlú òyìnbó tààrà. A ò tíì fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀gbẹ́ni Fágbohùn wo ẹnu ìgò náà.

"Ṣé ṣùkù àgbàdo ni wọ́n wá fi ń dí i lọ́hùn-ún?"

Ìgbálẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń dún níta.

"Ìyá," ni Ọ̀gbẹ́ni Fágbohùn wí, "kí ni mo mu?"

Mopélọ́lá ro yàrá méjì náà pin. Ó kúnlẹ̀. "Ògógóró ni, sà. Dóńgóyárò, káún, ọsàn wẹ́wẹ́, oyin bíńtín, àti omi àmù. Ẹ má bínú."

"Ta ló pò ó?"

"Èmi ni, sà."

Ọkùnrin náà dìde. "Ọjà Èkó kì í tètè dé ilé ìsinmi yẹn. Ẹni tí yóò fi ohun tó wà ṣe ohun tí kò sí ni mò ń wá. Àmọ́ kó sọ ohun tó ṣe fún mi."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìwé dé. Orúkọ Mopélọ́lá ló wà lórí rẹ̀. Òjélàdé kà á, ó tún un kà, ó sì mú fìlà funfun rẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó dé e.

"Kúùkù ìjọba ni wá!" ló ń kígbe fún àwọn aládùúgbò. "Ẹ wá kí mi! Èmi àtìyàwó mi, ṣebí ọ̀kan náà ni wá?"

Mopélọ́lá gbé ẹrù tó ń dì kalẹ̀. Ó gba fìlà lórí ọkọ rẹ̀, ó dé e sí tirẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan tí gbogbo àgbàlá fi bú sẹ́rìn-ín, tí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn náà ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà Òkè-Ìlèrí títí dòní: ẹni tó bá pààrọ̀ ọtí, kó pààrọ̀ orúkọ.