Ìdì Bẹẹrẹ Tí Àdìgún Kò So

Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ àwọn èèyàn wa, alájàpá kan wà ní ìlú Òkè-Ìrọ̀ tó ń jẹ́ Àdìgún. Aṣọ òfì ló máa ń rù lọ sí ọjà etí òkun, iyọ̀ ló sì máa ń rù bọ̀. Ọ̀nà náà jìn kọjá sísọ. Bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbéra nígbà tí ọyẹ́ ń ká kúrò nílẹ̀, ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó máa ń wọlé. Àdìgún kì í sì fi ètò àjò ṣeré rárá. Ó mọ abúlé tí omi rẹ̀ mọ́, ó mọ igi tí ìbòòji rẹ̀ tó jókòó sí, ó tilẹ̀ mọ ajá tó ń gbó lásán àti èyí tó ń bu ni jẹ láì gbó.

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, kò sì tíì fẹ́ òmíràn. Òun àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, nìkan ló kù nínú ilé alámọ̀ tí baba rẹ̀ kọ́ sílẹ̀. Òun nìkan náà ni ọmọ tí Àwẹ̀ró bí tó yè.

Ní agbedeméjì ọ̀nà etí òkun, ìlú kan wà létí odò tó ń jẹ́ Ìdótun. Ibẹ̀ ni àwọn alájàpá máa ń sùn mọ́jú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó gbé ẹrù. Àdìgún á máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, á máa gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan, á sì máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọdún tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá, òórùn ẹja Ìdótun ló mọ̀, kò mọ adùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wá ń dùn ún.

Lọ́dún kan, ó pinnu pé òun á yà níbẹ̀ kí òun sinmi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ètò! Iṣu tuntun ò tíì kúrò lóko tí Àdìgún ti ń da àwọn èrò dúró lójú ọ̀nà láti bi wọ́n léèrè nípa Ìdótun. Ó rò ó títí, ó ní àbọ̀ ló yẹ kí òun yà, nítorí ẹni tí ọjà tí kò tíì tà bá wà lórí rẹ̀, ìsinmi kì í wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ọ̀dọ̀ Odùlànà atukọ̀ ni òun á wọ̀ sí, torí pé ìyàwó Odùlànà mọ ẹja í sè. Ó ra obì fún ọkọ, ó mú aṣọ kan sọ́tọ̀ fún ìyàwó. Ó rán fìlà tuntun kan, kò sì jẹ́ kó kan orí rẹ̀. Ó ní orí òun àti fìlà náà á pàdé ní Ìdótun. Láti ọjọ́ ọjà kan sí ìkejì ló fẹ́ lò, kò ní í fi ọjọ́ kan lé e.

Lágbọ́njú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ó ní, "Àdìgún, ṣé òwò lò ń lọ ṣe ni àbí ìyàwó lò ń lọ gbé?"

"Máa rẹ́rìn-ín o," ni Àdìgún dá a lóhùn. "Ìgbà tí o bá ń làágùn lábẹ́ iyọ̀, èmi á wà nínú omi, màá nà gbalaja."

Ohun kan ló kù tí ètò yìí kò kàn. Òrùlé ilé wọn ti gbó, ó yẹ kí wọ́n tún un bò kí òjò tó dé. Wọ́n ti pa koríko bẹẹrẹ, wọ́n ti kó o jọ sí ẹ̀yìnkùlé kó lè gbẹ. Láti Òkè-Ìrọ̀ títí dé Ìdótun, onílé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ so ìdì bẹẹrẹ àkọ́kọ́. Bó bá ti so ó tó gbé e fún ẹni tó wà lókè, gbogbo àdúgbò á bẹ́ sí iṣẹ́ tòun ti orin, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n á ti bo ilé tán. Bí onílé bá ń lọ sí àjò, á so ìdì tirẹ̀ sílẹ̀, á fi há abẹ́ òrùlé, kí àwọn ará ilé lè bá a ṣe é bó bá pẹ́. Ilé òkú nìkan ni wọ́n ń bò láìsí ìdì onílé. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ayé nìyẹn pé kí ẹnikẹ́ni má retí onílé mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọn yóò gbéra, Àwẹ̀ró pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "So ìdì rẹ sílẹ̀ kó o tó lọ."

Àdìgún bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin náà! Ẹni tí kò mọ ìgbà tó máa dé ló ń so ìdì sílẹ̀. Èmi ti ka ọ̀nà mi ní àkàtán. Kí òjò tó kán, mo ti dé."

"Bí ibi tó o fẹ́ yà bá wá dùn jù ńkọ́?"

"Ọjọ́ ọjà kan péré ni, Ìyá. Bó bá ti pé, màá dìde."

Àwẹ̀ró wo koríko tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀nà á là o," ló wí, ó sì bá a gbé ẹrù karí.

Wọ́n lọ ire. Aṣọ tà, iyọ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìdótun, ọjọ́ ọjà ni. Àdìgún sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Odùlànà, ó yọ fìlà tuntun, ó dé e. Lágbọ́njú àti àwọn yòókù sùn mọ́jú, wọ́n sì ń bá ọ̀nà lọ.

"Bá mi sọ fún Ìyá," ni Àdìgún wí fún un, "pé bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, ẹsẹ̀ mi ti wà lọ́nà."

Kí a má purọ́, Ìdótun dùn. Omi odò náà tutù, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Ní àárọ̀, Àdìgún á wẹ̀ títí ìka ọwọ́ rẹ̀ á fi hun jọ. Ní ọ̀sán, á ta ayò pẹ̀lú àwọn apẹja lábẹ́ igi ọ̀dán. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó Odùlànà á gbé ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iyán tó ń yọ ooru. Àdìgún á jẹ, á lá ọwọ́, á ní, "Háà! Èmi ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ yìí kọjá lọ́dọọdún!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ọjà pé. Àdìgún di iyọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ ti ká òṣùká sórí. Ni Odùlànà bá ní, "Ẹ̀yin ará òkè yìí, kí ló ń lé yín gan-an? Lọ́la ni àwọn ọ̀dọ́ ń tukọ̀ díje. Ẹ ò wá ní í wò ó?" Àdìgún ní ọjọ́ kan ò le. Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n ní àwọn apẹja máa da àwọ̀n ńlá lọ́túnla. Lẹ́yìn àwọ̀n, ó kù díẹ̀ kí wọ́n yan ẹja náà gbẹ, ó sì fẹ́ mú díẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ti ìyá òun ni òun ń rò. Báyìí ni ọ̀la ń bí ọ̀túnla, tí ọjọ́ ọjà mìíràn fi kọjá, tí ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó gbọ́ ìró àwọn tó ń gbá koríko mọ́ orí òrùlé. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀, ó sì mọ̀ pé níbi ọ̀wẹ̀, orin àti oúnjẹ kì í wọ́n. Òun àti Odùlànà bá jáde lọ wò ó. Wọ́n ń bo ilé kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọrin. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilé náà, gèlè rẹ̀ wà lórí itan.

"Ilé ta ni wọ́n ń bò láìkọrin báyìí?" ni Àdìgún bèèrè.

"Ilé Ajéígbé ni," ni Odùlànà dáhùn pẹ̀lẹ́. "Ó re àjò, kò sì dé. Ìyá rẹ̀ lẹ̀ ń wò yẹn. Látìgbà tí ojú ọ̀run ti ń ṣú ló ti ń dá wọn dúró, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè. Òní ló tó panu mọ́."

"Ṣé kò so ìdì sílẹ̀ ni?"

"Bóyá ó rò pé òun ò ní í pẹ́."

Ẹ̀rù ba Àdìgún. Ojú sì tì í, àfi bíi pé gbogbo ayé ló ń wò ó. Ó padà sílé Odùlànà, ó ṣí fìlà tuntun, ó mú ọ̀pá rẹ̀.

"Odùlànà, ẹ bá mi tọ́jú iyọ̀ yìí."

"Kí ló dé? Òjò ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ kó dàárọ̀. Ẹja wà lórí iná!"

"Ẹja yín dùn, ẹ̀yin náà sì ṣe é fún mi. Ẹ ṣeun, mi ò ní í gbàgbé yín láéláé. Ṣùgbọ́n mo ní ìyá." Kò tún wo ẹ̀yìn.

Ẹni tó ń rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹrù tẹ́lẹ̀ wá ń rìn ín lọ́wọ́ òfo, síbẹ̀ ọ̀nà kò kúrú. Òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́, òjò tún pa á. Níbikíbi tó bá ti rí òrùlé tó gbó, ojú á gbà á tì, á tún mú ẹsẹ̀ rìn.

Nígbà tó dé Òkè-Ìrọ̀, ó rí èrò níwájú ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọrin. Òjò ti jẹ ògiri yàrá ìyá rẹ̀, apá kan ti ya lulẹ̀. Baba Agbéjà, olórí agboolé, mú okùn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró dúró, ó kẹ̀yìn ti àkàbà tí wọ́n gbé ti òrùlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú sẹ́yìn. Ó ti rù. Ìró tó ró mọ́dìí ṣì tutù fún omi òjò.

Lágbọ́njú wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ilé wó lù yín. Ọjọ́ ọjà kan ló ní kí n sọ fún yín, èyí tó ti kọjá ju ìyẹn lọ. Ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn èrò wí, pé àwọn olè pa ẹnì kan lójú ọ̀nà yẹn."

"Kí ilé wó," ni Àwẹ̀ró wí. "Àdìgún ń bọ̀. Ẹni tó bá gun àkàbà yìí, òun ló pa ọmọ mi."

Àdìgún gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn èrò kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣa bẹẹrẹ tí omi kò tíì bà jẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì so ó bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó lọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́. Ẹnì kan rí i bó ti ń bọ̀, ó figbe ta: "Yéè! Àdìgún rè é!"

Àwẹ̀ró kò gbójú sókè. Wọ́n ti ké irú igbe yẹn fún un rí láti fi ọgbọ́n fà á kúrò nídìí àkàbà. Ó tún di igi náà mú gírígírí ni.

Àdìgún dúró níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ yà fún mi, kí n gbé e sókè."

Àwẹ̀ró kò wo ojú rẹ̀. Ìdì bẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó fi ìka kan kan okùn náà, ó tọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló tó fi àkàbà sílẹ̀, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òjò ń ṣú. Gbé e fún wọn."

Ó gbé e fún wọn. Orin bẹ́, o ò ní í mọ̀ pé àwọn tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni. Lágbọ́njú ló wà lókè pátápátá, ó ń kọrin, ó sì ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín orin. Wọ́n parí iṣẹ́, òjò dé.

Ìyá àti ọmọ jókòó lábẹ́ òrùlé tuntun, wọ́n ń gbọ́ ìró òjò lókè. Kò pẹ́ púpọ̀, Àwẹ̀ró bèèrè pé, "Ṣé ibẹ̀ dùn?"

Àdìgún ronú. "Ó dùn, Ìyá. Mi ò ní í purọ́ fún yín. Ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ." Ó sọ ti odò fún un, ó sọ ti ẹja àrọ̀ àti ti fìlà tuntun. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti fìlà.

"O sì fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

"Mo fi sílẹ̀."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, so ìdì rẹ sílẹ̀ kó o tó lọ, kó o sì jẹ ẹja náà yó. Èmi ò ní kó o má yà. Ṣáà máa bọ̀ wálé."

Odùlànà fi iyọ̀ rán àwọn èrò sí i, kò dín. Lágbọ́njú ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Bí àwọn alájàpá bá ti dé ibi tó tura, tí ẹnì kan sì ní kí wọ́n jẹ́ kó dọ̀la, á wo Àdìgún, á rẹ́rìn-ín, á sì sọ gbólóhùn kan tí gbogbo wọn fi máa ń dìde gbé ẹrù wọn. Gbólóhùn yẹn náà ni àwọn àgbà ṣì ń pa lówe títí di òní olónìí fún ẹni tí adùn ọ̀nà bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń retí rẹ̀, pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.