Àwọn Tó Gba Ojú Omi Dé Ìlúgbà

Ní abúlé Ìgbó-Arére, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Òjéwálé. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìrìn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju oko lọ. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà òkè Apárí tó o. Ó mọ ibi tí omi tútù ti ń sun lábẹ́ òkúta, ó mọ ihò àpáta tí èèyàn mẹ́ta lè wọ̀ sí nígbà òjò, ó sì mọ igi tí èso rẹ̀ máa ń pọ́n ní àkókò tí ebi bá ń pa arìnrìn-àjò. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló tọ̀ dé ibẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí bàbá náà sì kú, ó dà bí ẹni pé orí òkè náà nìkan ni òun àti bàbá òun ti ń pàdé.

Omíwùmí, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ orí òkè. Etí odò Àròyé ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn apẹja, kí ó sì tó mọ ọbẹ̀ sè ló ti mọ ọkọ̀ tù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò fọwọ́ kan àjẹ̀ mọ́. Òjéwálé kò mọ̀wẹ̀, kò sì fẹ́ràn omi tó bá ti kọjá orúnkún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ẹfúnyẹlá. Alágbẹ̀dẹ ará Ìdó-Irin kan, Ògúnṣakin, ló fẹ́ ẹ. Ìdó-Irin jìnnà, ó wà lẹ́yìn ìlú Ìlúgbà lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn òbí àti ọmọ máa ń ríra. Ọjà ńlá Ìlúgbà ni wọ́n ti máa ń pàdé, èyí tí wọ́n máa ń ná fún ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìkórè iṣu. Lọ́dọọdún, Òjéwálé á gbé àpò awọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, Omíwùmí á gbé apẹ̀rẹ̀ rù, wọ́n á sì fi ọjọ́ mẹ́rin gun òkè Apárí kọjá.

Ní ọdún kan, nígbà tí ìkórè kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, arìnrìn-àjò kan yà sí ọ̀dọ̀ wọn, ó jẹ́ iṣẹ́ tí Ẹfúnyẹlá rán an. Ó ní, "Ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé òun ti bímọ, obìnrin ni. Ó ní irin ti tán nínú ilẹ̀ wọn, àwọn ìdílé ọkọ òun sì ń ṣí lọ sí ilẹ̀ mìíràn tó jìn tó ìrìn oṣù méjì. Láti ọjà Ìlúgbà ni wọ́n ti máa lọ. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí òun lọ láìfojú kàn yín."

Láti ọjọ́ náà ni Omíwùmí kò ti gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Bó bá ń lọ ata, á máa bá ọmọ-ọmọ tí kò tíì rí sọ̀rọ̀, á bi í bóyá ó ti ń rẹ́rìn-ín, bóyá orí rẹ̀ kún fún irun bí ti ìyá rẹ̀. Ní ti Òjéwálé, àpò rẹ̀ ló ń dì. Á di gbogbo rẹ̀ tán, á tú u, á tún un dì.

Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kúrò nílé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ń gba àárín àpáta méjì kọjá sí òdìkejì òkè, wọn kò sì rí ọ̀nà. Òjò ọdún náà ti mú kí apá kan òkè ya lulẹ̀. Òkúta ńláńlá, ẹrẹ̀ àti igi tó fà tu ti dí ibẹ̀ pa. Òjéwálé sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ lásán wú òkúta. Ó wú u títí eékánná rẹ̀ fi ya. Bó bá yọ ọ̀kan, méjì mìíràn á yí wálẹ̀.

Omíwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Baba Ẹfúnyẹlá, ó tó."

"Ọ̀nà bàbá mi nìyí," ni Òjéwálé wí. "Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dí."

Ọ̀nà tó yí òkè náà po gba ọjọ́ mẹ́wàá, ọjà á sì ti tú kí wọ́n tó dé. Wọ́n kọrí sí ilé. Wọ́n rìn títí ilé fi kù díẹ̀. Nígbà náà ni Omíwùmí dúró lójú ọ̀nà.

"Odò Àròyé gba ẹ̀yìn Ìlúgbà kọjá," ló wí.

Òjéwálé wò ó. "Ta ló ti gba ibẹ̀ débẹ̀ rí?"

"N kò mọ ẹnì kankan. Bàbá mi dé Àpáta Méje, ibi tí omi ti ń bú. Ó ní láti ibẹ̀ òun rí èéfín ìlú náà lókèèrè. Ẹ̀rù omi yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa kọjá ibẹ̀. Bí a bá tètè gbéra, ọjọ́ mẹ́rin ni."

"Èmi kò mọ̀wẹ̀, Omíwùmí."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ tí ọjà bẹ̀rẹ̀ ní Ìlúgbà gan-an ni wọ́n dé etí odò. Omíyalé, àbúrò Omíwùmí, yá wọn ní ọkọ̀ igi rẹ̀ àti àjẹ̀ méjì. Ó kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí bú, ẹ sún mọ́ etí òsì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe bá omi yẹn jiyàn." Àpò Òjéwálé wúwo jù fún ọkọ̀ kékeré náà. Ó ní láti kó ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bojú wẹ̀yìn wo àwọn ẹrù náà bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, etí ọkọ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Bí ọkọ̀ bá mì, á di ojú. Nígbà tó yá, ó la ojú wo ìyàwó rẹ̀. Èjìká obìnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò yára, kò sì falẹ̀. Ó ń fi ojú ka omi bí òun náà ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ka òkúta. Ó ti fẹ́ ẹ láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n fa ọkọ̀ gun iyanrìn. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà kékeré, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, Omíwùmí sì ń yan ẹja lórí iná. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Òjéwálé jókòó, ó kọjú sí òkè Apárí tó ga sókè lápá ọ̀tún wọn.

"Kí lẹ ń wò?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọ̀nà mi ni. Wò ó níbẹ̀ yẹn. Kò fẹ̀ ju okùn lọ láti ìhín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "N kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Omíwùmí yí ẹja náà padà. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odò yìí ṣe máa ń rí lójú mi láti orí òkè. Lọ́dọọdún tí a bá dé orí Apárí, tí ẹ bá jókòó sinmi, èmi á máa wá a nísàlẹ̀. Bí mo bá ti rí i, àyà mi á kọ́kọ́ fúyẹ́, lẹ́yìn náà á wá wúwo."

"O kò sọ ọ́ fún mi rí."

"Kí ni ǹ bá sọ? Ọ̀nà yín lẹ fẹ́ràn, ó sì ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ."

Omi ń kùn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Òjéwálé na ọwọ́ mú àjẹ̀ kejì, ó gbé e lé itan. "Lọ́la," ló wí, "kọ́ mi bí a ṣe ń dì í mú."

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbọ́ ariwo Àpáta Méje kí wọ́n tó rí i. Omi náà ń já láàárín àwọn òkúta dúdú, ó ń hó bí ọṣẹ. Wọ́n sún mọ́ etí òsì bí Omíyalé ti wí, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí agbára Omíwùmí pin sí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ti Òjéwálé ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tọ ìsàlẹ̀ àpáta náà, ó wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó ṣá igbó, ó gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ lé orí àwọn igi náà, wọ́n ń yí i lọ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn wọ̀ lé wọn lórí níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tún kan omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, awọ àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì ti bó. Wọ́n tu ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, ilẹ̀ ṣú, wọn kò tíì dé. Ọjọ́ karùn-ún mọ́. Ọjọ́ tí ọjà ń tú ni.

Ní Ìlúgbà, Ẹfúnyẹlá ti dúró sẹ́nu ibodè láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó pọn ọmọ, ó kọjú sí òkè. Oníbodè ìlú náà, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ajéigbé, ti bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u.

"Ọmọ mi, òkè ti ya lulẹ̀. Ọ̀nà yìí nìkan ló ti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ wọ ìlú yìí. Láti ogójì ọdún tí mo ti jókòó síbí, n kò rí ará Ìgbó-Arére kan tó gba ibòmíràn wọlé. Ṣé wọ́n á fò ni?"

"Wọ́n á wá, Bàbá."

"Àwọn èèyàn ọkọ rẹ ti ń di ẹrù."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa wò."

Nígbà tí oòrùn ọjọ́ karùn-ún rọlẹ̀, Ògúnṣakin wá dúró tì í. Kò sọ pé kí wọ́n lọ. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká, ìyẹn náà sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ní àkókò náà ni ọkọ̀ kékeré kan gúnlẹ̀ lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ. Àwọn méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, omi ń kán lára aṣọ wọn. Wọ́n gba àárín àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tú kọjá, wọ́n ń béèrè àwọn alágbẹ̀dẹ Ìdó-Irin. Ẹnì kan nawọ́ sí ibodè.

Ẹ̀yìn Ẹfúnyẹlá ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọjú sí wọn. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Omíwùmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Irun kún orí ọmọ náà.

Òjéwálé pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì. "Àṣàkẹ́!"

Ẹfúnyẹlá kò bojú wẹ̀yìn. Ńṣe ló sáré síwájú, tó di igi ibodè mú, tó ń wo ọ̀nà òkè tó ṣófo. "Mo gbọ́ ohùn Bàbá mi! Baba oníbodè, ẹ ṣí i, wọ́n ń bọ̀!"

Ajéigbé wo ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Àánú Ẹfúnyẹlá ṣe é. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọmọ mi."

"Àṣàkẹ́," ni Òjéwálé tún pè, "ẹ̀yìn rẹ la wà."

Nígbà náà ló yípadà. Ó wo aṣọ wọn tó tutù, ó wo ọwọ́ wọn tó bó, ó sì kúnlẹ̀ níwájú wọn, ẹkún kò jẹ́ kó lè kí wọn. Omíwùmí tú ọ̀já, ó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ajéigbé dìde lórí àpótí rẹ̀. "Níbo lẹ gbà wọlé?" ló ń bi wọ́n. "Níbo lẹ gbà?"

"Odò ni a gbà," ni Òjéwálé dáhùn. "Ìyàwó mi ló mọ ibẹ̀."

Àwọn alágbẹ̀dẹ tú ẹrù wọn, wọ́n sì dúró títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo àkókò tí wọ́n ní nìyẹn. Ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó gbéra, Ẹfúnyẹlá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, níbo ni odò yín ń ṣàn lọ?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó tíì bá a dé òpin."

Ògúnṣakin sọ pé odò ńlá kan wà ní ibi tí àwọn ń lọ, ṣùgbọ́n òun kò mọ orísun rẹ̀. Òjéwálé àti Omíwùmí dúró títí wọn kò fi rí eruku ẹsẹ̀ wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, Òjéwálé gbé àjẹ̀ méjèèjì, ó sì ṣáájú lọ sí etí odò.

Ajéigbé kò tún lé ẹnikẹ́ni tó bá ń retí èèyàn kúrò lẹ́nu ibodè mọ́. Bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó máa lọ sílé, pé ibi tó ń wò ti dí, á sọ ìtàn àwọn arúgbó méjì tí omi ń kán lára wọn. Lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn tó ń ná ọjà Ìlúgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi gbé e kiri gbogbo ilẹ̀, tó fi di òwe tí àwọn àgbà ń pa títí dòní, pé: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.