Olùkọ́ Tó Lọ Gbọ́ Èdè ní Sípéènì

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ìwé mẹ́fà tí mo kà láyé mi, mo ti gbàgbé márùn-ún, eku sì ti jẹ ẹ̀yìn ìkẹfà. Ṣùgbọ́n ìwọ Adéwùsì lo jókòó tì mí láti òwúrọ̀, tí o ń fi ìwé ètò ìrìn àjò tí o fẹ́ fi lọ kọ́ èdè hàn mí, tí o ní kí n bá ọ wá ọmọ Yorùbá tí o máa dé sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sípéènì. Ó dáa. Gbọ́ èyí ná.

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sípáníìṣì, ọ̀gá sì sọ fún un pé, "Ẹ lọ lo oṣù mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ẹ gbọ́ èdè wọn, ẹ mọ ìṣe wọn. Tí ẹ bá dé, ẹ̀yin ni olórí ẹ̀ka náà." Ogún ọdún ni olùkọ́ yìí ti ń retí kí wọ́n pe òun ní olórí nǹkan kan.

Ó ṣètò. Ha, ó ṣètò! Ó di gààrì, ó di ata gígún, ó di ẹ̀wù òtútù mẹ́ta lọ sí ìlú tí oòrùn ti ń yan ènìyàn bí àgbàdo.

Ilé opó arúgbó kan, ará Sípéènì, ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Lọ́sàn-án, ìyá náà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ á jókòó yí tábìlì ká. Oúnjẹ á tán, wọn ò ní dìde. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí àwo òfìfo: ta ló kú, ta ló gbéyàwó, ọbẹ̀ ta ni iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ dá sí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dá sí méjì lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà gbá a léjìká, ó tún un sọ fún un, ó ní kó wí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Olùkọ́ pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. "Èmi tí àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún! Ìyá arúgbó kan ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà!"

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ̀yin náà kì í fi àwọn ọmọ kíláàsì yín rẹ́rìn-ín ni? Èwo nínú wọn ló ti torí ẹ̀ kó ẹrù?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kó lọ sílé ọmọ Iléṣà kan ní ìpẹ̀kun ìlú. Ibẹ̀ ni ara ti tù ú. Wọ́n ń tẹ ẹ̀bà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń bú ìjọba ilé. Ó ń lọ sí kíláàsì, ó ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó tún fi í rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́wàá pé, ó dé. Ọ̀gá pe obìnrin ọmọ Sípéènì kan pé kó wá bá a sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo olùkọ́. Olùkọ́ fi Sípáníìṣì kí i dáadáa. Obìnrin náà wá bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè bi àlejò: kí ni wọ́n ń jẹ nílé tí ẹ dé sí, ta ló sì ń sè é? Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé tó kọ ohun gbogbo sí. Nígbà tí ìdààmú pọ̀, ó yíjú sí ọ̀gá, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló jáde.

Ọ̀gá, tí òun náà jẹ́ ọmọ Iléṣà, ní, "Tíṣà, èyí dán mọ́rán. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ kọ́, mọ́tò ì bá gbé yín dé Iléṣà."

Lọ́dún kejì, wọ́n rán ẹlòmíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ilé opó yẹn náà ló wọ̀ sí. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, lédè wọn. Òun ni olórí ẹ̀ka lónìí.

Adéwùsì, a kì í wọ agbádá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè elédè á kọ́kọ́ gbà kí wọ́n sọ òun di ọmọdé. Mo yẹ ìwé ètò rẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìjọ Yorùbá tí o máa lọ lọ́jọ́ Ìsinmi wà níbẹ̀. N ò rí orúkọ ará Sípéènì kan ṣoṣo. Mo mọ ọmọ Yorùbá mẹ́rin ní ìlú tí ò ń lọ yẹn. Mo sì mọ opó náà níbẹ̀; ó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà ta ni kí n fún ọ?