Awọ Pupa tí Wọ́n Gé Sódì

Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi awọ bo inú mọ́tò. Opó kan gbé mọ́tò ìjàpá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá bá a. Mọ́tò náà dàgbà ju àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, pátákó inú ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sì ti jẹrà. Opó náà fi awọ pupa kan lé e lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ra awọ náà pa mọ́ fún iṣẹ́ yìí kí ọlọ́jọ́ tó dé, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Ó ní mọ́tò yẹn ni òun máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí ọkọ òun.

Ọkùnrin náà gé pátákó tuntun méjì, ó sì tẹ́ awọ sílẹ̀. Ó fi páálí tó gé bí ìwọ̀n ilẹ̀kùn òsì gé ti òsì. Ó gbàgbé láti dojú páálí náà dé kó tó gé ti ọ̀tún. Nígbà tó gbé e sí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ibi tó yẹ kó wà níwájú bọ́ sẹ́yìn. Bó bá sì dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yìn awọ tí kò dán ló máa wà níta.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Bàbá Aláwọ, mọ́tò yìí ti ní apá òsì méjì. Ẹ wá èyí tó ní apá ọ̀tún méjì, kí ẹ so wọ́n pọ̀ ní tọkọtaya.” Ó tún ní, “Ẹ fi rọ́bà pupa tó jọ awọ bò ó jàre. Màmá ò ríran dáadáa mọ́.”

Ọkùnrin náà kò gbà. Ó ránṣẹ́ pe opó náà.

“Mà, mo ti gé awọ ọkọ yín sódì.”

Opó náà jókòó sórí táyà kan, ó gbé awọ náà lé itan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Ṣé awọ náà ti kú ni, àbí ó ṣì ń mí?”

“Ó ṣì ń mí, mà.”

“Jẹ́ kó dìde.”

Ọkùnrin náà la awọ náà sí ọ̀já mẹ́ta. Ó gbé ti iwájú sẹ́yìn, ó gbé ti ẹ̀yìn síwájú, ó sì fi òwú funfun ran wọ́n pọ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ọ̀tún mu, àmọ́ ojú rírán náà hàn gedegbe. Ó wá mú ti òsì tí kò ní àbùkù kankan, ó gbé abẹ lé e.

“Ẹ má ba èyí tó dára jẹ́,” ni alátáyà wí.

“Mọ́tò kan náà ni. Kò yẹ kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ru àpá,” ni Bàbá Aláwọ fèsì, ó sì la ti òsì náà sí mẹ́ta, ó fi òwú funfun rán an pọ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí, opó náà ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà funfun ń dán lára awọ pupa bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn tó gbé mọ́tò tuntun wá fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n yí ìjàpá ká, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀. Alátáyà tó bá wọn wá ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, “Àwa ni.”

Ẹ̀gbọ́n, awọ tiyín tí ẹ gé sódì nìyí. Ẹ bú ìyàwó yín lójú gbogbo ayálégbé, ẹ wá ń gbé adìyẹ ẹ̀bẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé fún un. Rọ́bà pupa ni adìyẹ yẹn. Ẹ pe àwọn ayálégbé jọ, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Àpá ti wà lára ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ gbé abẹ lé tiyín náà, kí ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì.