Ohun Ọ̀ṣọ́ Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Gbe Ìbíwùmí

Àwọ̀ mèremère kò gun òkè rí;
Ẹsẹ̀ tó mọ ilẹ̀ ní í bá orí àpáta sọ̀rọ̀;
Ẹni tó ra ẹwà tí ẹwà kò gbè é, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi wí i:
Wọ́n dá a fún Ìbíwùmí, ọmọ agun-òkè-má-mí-hẹlẹ, ní ọjọ́ tí ó ra ọ̀ṣọ́ títí, tí ọ̀ṣọ́ sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀yìn láàrin ẹgbẹ́.

Ìdààmú bá Ìbíwùmí. Kì í ṣe ìdààmú àìsàn, kì í ṣe ti àìríjẹ. Ìtìjú ni. Ọmọ Ìdó-Àpáta ni, ìlú tó fẹ̀yìn ti Òkè Arélú bí àgbàlagbà ti í fẹ̀yìn ti ògiri nírọ̀lẹ́. Láti ilé wọn ni kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ti gun òkè náà. Baba baba rẹ̀ ló gùn ún, ó di àpò kòkó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí ó fi dé orí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ki ọmọ ilé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní agun-òkè-má-mí-hẹlẹ. Bí ọmọ wọn bá ń sunkún, oríkì yìí ni ìyá rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí arúgbó wọn bá kú, òun ni wọn yóò fi sin ín dé ibojì.

Lọ́dọọdún, kí iṣu tuntun tó wọ ìkòkò, ìlú mẹ́ta tó yí Òkè Arélú ká máa ń fi kẹ̀kẹ́ díje lórí rẹ̀. Wọn a gùn ún láti ìdí dé orí, wọn a sì gba ojú ọ̀nà àpáta sọ̀ kalẹ̀ padà. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé abẹ́ igi ọ̀dán tó wà nídìí òkè ni yóò kọ́kọ́ bẹ iṣu. Àwọn tó kù yóò máa jẹ iṣu ògbólógbòó lọ, wọn yóò máa gbọ́ ìró odó ẹni tó borí láti òkèèrè, títí yóò fi yọ̀ǹda fún wọn.

Ìbíwùmí ti borí rí. Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó ló gùn lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ilé wọn, tí kò lè dìde mọ́, ní kí wọ́n gbé òun síta kí òun lè fi ọwọ́ kan orí ọmọ òun. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn, Ìsàlẹ̀-Odò, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta náà, ló ń kọ́kọ́ jẹ iṣu. Ìdó-Àpáta ń wò wọ́n.

Ohun tó fa èyí kò fara sin fún Ìbíwùmí, bí ó tilẹ̀ fi pamọ́ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ó borí, ó rò ó pé ẹni tó borí yẹ kó dà bí ẹni tó borí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán orí fóònù, níbi tí àwọn olówò ìlú ńlá ti ń polówó ohun ọ̀ṣọ́ kẹ̀kẹ́ òkè. Ó ra akoto tí ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bí ẹnu àgbìgbò. Òjò kan péré pa á, ẹnu akoto náà wó lulẹ̀, ó bò ó lójú. Ó ra ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ làágùn, aró ìbọ̀wọ́ náà ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́, inú rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ó ra ohun tí wọ́n fi ń bo eékún. Kí ó tó dé ìdajì òkè, ọrùn ẹsẹ̀ ló ti bá a. Ìjókòó tí wọ́n ní ó rọ̀ bí fùfú, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó yí sí, tí ó fi ń jókòó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò tíì dúró.

Bí èyí bá já a kulẹ̀, yóò ra òmíràn láti fi wo ọgbẹ́ èyí. Ó wá ra pẹ́dà tó pọ́n bí osùn. Ní ọdún tó kọjá, níbi tí òkè ti le jù, pẹ́dà náà ṣẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò kan gùn ún kọjá, ó rọra yí ojú padà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Ọ̀rọ̀ náà ni Ìbíwùmí gbé wálé. Kò tán nínú rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó kó àwọn ọjà náà sínú agbọ̀n ńlá kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó da aṣọ bò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Olúgbọ́dẹ, tí òun pẹ̀lú ń gun òkè fún ìlú wọn, ní irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ nílé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, ńṣe ni í máa yin ohun tó rà, kí wọ́n má baà mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje tún kù sí dẹ̀dẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dìde, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ìyá arúgbó olórìṣà Ọ̀ṣun tí ń fi owó ẹyọ da ẹẹ́rìndínlógún létí odò ìdí òkè. Ìyá náà gbọ́ ẹjọ́ wọn tán. Ó kó owó ẹyọ náà, ó fi kan àyà Ìbíwùmí, ó dà á sórí àtẹ. Odù Ọ̀bàrà ló yọ. Ó ní:

"Ìbíwùmí, òkè kọ́ ló borí rẹ. Ohun tí o dì mọ́ ara ló ń fà ọ́ sẹ́yìn. Ọ̀ṣun ní ire ń bẹ fún ọ. Ó ní ire ń bẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ náà. Ẹ rúbọ."

Olúgbọ́dẹ ní, "Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?"

"Ẹyẹlé, oyin, àti èkuru tí ẹ ó fi bọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ìdí òkè. Èyí kéré. Ẹbọ tó tóbi ń bẹ lẹ́nu yín. Gbogbo ohun tí ẹ rà tí kò gbè yín, ẹ kó o lọ sí ojúde ọjà lójú mọmọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ojú yín rí. Ẹ kò gbọdọ̀ tà á. Ẹ kò gbọdọ̀ fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà sọ ọ́ bó ti rí."

Olúgbọ́dẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹyẹlé kò ṣòro, èkuru kò ṣòro. Ṣùgbọ́n kí ọmọ agun-òkè dúró lójúde ọjà, kó máa ròyìn bó ti gọ̀ tó? Ilé wa kì í ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé wa níyì."

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wò ó. "Nítorí pé ó níyì ni mo ṣe ní kí ẹ mú un wá. Ẹni tí kò níyì, kí ni yóò rí fi rúbọ?"

Olúgbọ́dẹ dìde. Ó jáde. Dípò ẹbọ, rọ́bà birekì tuntun ló tún lọ rà, aláwọ̀ aró, tí àwọn tó ń tà á ní ó lè dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ lórí àpáta. Ó ra ti ara rẹ̀, ó ra ti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ Ìbíwùmí.

Ẹbọ náà wúwo fún Ìbíwùmí. Ó gbé agbọ̀n dé ẹnu ọ̀nà, ó tún gbé e padà. Ó rí ojú àwọn tí yóò rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ ohun tí wọn yóò wí. Oríkì ilé rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ bí àgbà tó na ọ̀pá dí ọ̀nà. Ó wá rántí baba baba rẹ̀. Ọkùnrin náà kò gun òkè kí wọ́n lè kì í. Kòkó ló gbọ́dọ̀ dé orí òkè kí òjò tó rọ̀, ó sì gbé e débẹ̀. Oríkì ló tẹ̀lé e. Òun kọ́ ló tẹ̀lé oríkì. Ìbíwùmí gbé agbọ̀n rẹ̀ rù. Ó ń fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́, ó forí lé ojúde ọjà.

Ó tẹ́ ẹní, ó kó ọjà náà jáde. Àwọn ènìyàn rò pé títà ló fẹ́ tà á. Nígbà tí ó la ẹnu, tí ó ní, "Ìbíwùmí ni mí, ọmọ agun-òkè, èyí ni mo rà, bó sì ti ṣe mí nìyí," ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní, "Ẹ wá wo ọmọ agun-òkè." Ìbíwùmí kò dákẹ́. Ó gbé akoto sókè, ó sọ ti òjò. Ó na ìbọ̀wọ́, ó sọ ti aró. Nígbà tí ó dé orí pẹ́dà, tí ó sọ bí ó ti ń ti kẹ̀kẹ́ níbi tí baba baba rẹ̀ ti gùn ún kọjá, ẹ̀rín ti tán.

Obìnrin kan, Àdùnbí, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, dìde láàrin èrò. Ó ní, "Irú ìjókòó yìí ló wà nílé wa. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n sọ." Ó lọ gbé e wá. Ọkùnrin kan mú iná kẹ̀kẹ́ wá, ó ní òkùnkùn ló máa ń kú sí. Kò pẹ́ tí ẹní Ìbíwùmí fi kún, tí wọ́n sì tẹ́ òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan láti ìlú kẹta, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúródọlá, dúró ti kẹ̀kẹ́ Ìbíwùmí. Ó tẹ̀ba, ó wo birekì rẹ̀ fínnífínní.

"Ọmọ mi, o kò mẹ́nu kan èyí."

"Tuntun ni, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ta mí lọ́rẹ. N kò tíì fi sọ òkè."

"Má fi sọ ọ́. Bí ó bá ti gbóná, yíyọ́ ni yóò yọ́ bí òrí. Ọmọkùnrin mi fi sọ òkè. Títí di òní ni wọ́n ń to eegun itan rẹ̀."

Níbẹ̀ gan-an ni Ìbíwùmí ti tú rọ́bà náà, ó sì dá dúdú ti àtijọ́ padà síbẹ̀. Ó sáré tọ Olúgbọ́dẹ lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Olúgbọ́dẹ ní, "Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ìwọ ti tú aṣọ ara rẹ láàrin ọjà, má wá tú tèmi."

Ìbíwùmí rú ẹbọ tó kù. Ó fi ẹyẹlé àti oyin fún Ọ̀ṣun. Ó se èkuru, ó bu epo lé e, ó fi bọ́ ọmọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nídìí òkè, títí kan ẹni tó kí i kú ìrìn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìbíwùmí dé akoto baba rẹ̀ tó ti ṣá, ó so bàtà rẹ̀ le. Kò sí ohun tó ń dán lára rẹ̀. Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń gùn ún lọ ni àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ń rẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ agun-òkè méjì ló kọ́kọ́ dé orí Arélú, Olúgbọ́dẹ níwájú, Ìbíwùmí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà lókè ń kì wọ́n pọ̀, ohùn wọn sì ń dún kiri inú àpáta.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìbíwùmí fi gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ń tẹ birekì, kẹ̀kẹ́ kò sì dúró. Nísàlẹ̀ wọn, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, èrò dúró, àwọn ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn. Ìbíwùmí jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà sáré títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oko kókò, lápá òsì! Ẹ yà síbẹ̀!"

Olúgbọ́dẹ gbọ́. Lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ láìjiyàn. Ó yà. Kẹ̀kẹ́ fò wọ inú kókò, ilẹ̀ oko gbà á, egungun èjìká rẹ̀ sì kán. Kò kan èrò kankan. Ìbíwùmí tẹ birekì rẹ̀, ó dúró. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti lọ gbé e, ṣùgbọ́n Olúgbọ́dẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ tó yè sókè láàrin ewé, ojú rẹ̀ kún fún amọ̀, ó ní, "N kò kú. Má dúró nítorí mi. Àwọn ènìyàn yìí yóò gbé mi. Gun kẹ̀kẹ́ rẹ, ọmọ agun-òkè."

Ìbíwùmí gùn ún. Omi ojú àti afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé abẹ́ igi ọ̀dán. Ìdó-Àpáta gbé e sókè tòun ti kẹ̀kẹ́. Ọba wọn fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ, ó bẹ iṣu tuntun, ó fi ègé àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́ lójú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e lọ sílé oníṣègùn tó ń to eegun, ó gé e sí méjì, ó fi ìlàjì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Olúgbọ́dẹ mú un dání pẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá. Mo gbọ́ tìrẹ. Mo rò pé iyì ilé wa ni mo ń ṣọ́, àṣé ìwọ lo gbé e dání nígbà tí o dúró lórí ẹní yẹn."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fẹ́ ra ohun kan fún kẹ̀kẹ́ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í kọ́kọ́ bi Ìbíwùmí. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Èyí tó bá dára, á ní ó dára. Èyí tí kò bá dára, á sọ ọ́ bó ti rí. Ó là, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gun òkè. Èjìká Olúgbọ́dẹ jinná, ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́ tí yóò fi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú lórí àpáta. Lọ́dọọdún, abẹ́ igi ọ̀dán ló ń dúró sí, yóò máa wo àwọn tó ń gùn ún lọ, títí wọn yóò fi kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè bá wọn dé.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀bàrà ṣe wí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹni tó rú ẹbọ ń bẹ lókè, ó ń yin ìyá olówó ẹyọ, ìyá olówó ẹyọ ń yin Ọ̀ṣun. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín ń bẹ nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa èjìká, ó ń ní ìbá ṣe pé òun mọ̀. A sì ti wí fún un.