Orúkọ Àpọ́nlé Kì Í Dìbò

Lágbègbè odò Ayín, bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀wọ̀ yí ọ̀rọ̀ po níbi tó ti yẹ kó là á mọ́lẹ̀, àgbà yóò wò ó, yóò ní: "Orúkọ àpọ́nlé kì í dìbò." Ó máa ń rú àlejò lójú. Ènìyàn ní ń dìbò. Ìgbà wo ni orúkọ di olùdìbò? Abà Ọdẹ́wálé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ẹnu Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọlátẹ́jú, ló sì ti jáde.

Ọdẹ́wálé tó tẹ abà náà dó ni baba Ọlátẹ́jú. Ó ti kú kí Àwẹ̀ró tó wọlé ọkọ. Síbẹ̀, ìyàwó kì í pe baba ọkọ lórúkọ, ìbáà wà láyé, ìbáà wà lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí Àwẹ̀ró wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é sídìí ààrò.

"Baba-Ilé ni kí o máa pè é. Bí mo bá gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu rẹ, ilé baba rẹ ni wàá ti lọ parí rẹ̀."

Látọjọ́ náà, Abà Baba-Ilé ni Àwẹ̀ró ń pe ibi tó ń gbé.

Lọ́dún tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn ìdìbò, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè rán aṣojú kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn abà tó yí odò Ayín ká, pẹ̀lú ìlú Òkè-Ayín, di ẹkùn kan. Ọ̀rọ̀ náà kan Àwẹ̀ró ju bó ti kan ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Odò náà kò ní afárá. Lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, ibà mú àkọ́bí rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn. Odò ti kún, kò ṣeé là kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà kú sí, létí omi. Tíṣà Fátókun tó ń du ipò aṣojú sì ti ṣèlérí pé afárá ni òun yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ọwọ́ ìyálẹ̀ta ni akọ̀wé tó ń kọ orúkọ abà dé. Àwọn ọkùnrin ti lọ sóko. Àwẹ̀ró ló bá nílé, ó ń sá láfún.

"Ìyàwó, ẹ kúulé o. Kí lorúkọ abà yìí?"

"Abà Baba-Ilé ni, ọ̀gá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́?"

"Èmi ò mọ̀wé, ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ là ń pè é."

Akọ̀wé kọ ọ́, ó mu omi, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Inú Àwẹ̀ró dùn pé ẹnu òun ló mú abà wọ ìwé.

Kò mọ̀ pé ìyàwó ilé ni akọ̀wé náà ń bá nílé káàkiri, kò sì sí èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò kọ́. Nígbà tí ìwé dé Òkè-Ayín, Abà Baba-Ilé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oorun ló kun akọ̀wé tó fi kọ abà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fagi lé mẹ́ta, ó dá ọ̀kan sí, èyí tó wà lódìkejì odò.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé. Àwọn ọkùnrin Abà Ọdẹ́wálé jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ẹnikẹ́ni kò wá. Ọlátẹ́jú lọ sí Òkè-Ayín, wọ́n ṣí ìwé fún un. Wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ dìbò, kí wọ́n kọjá sí Abà Baba-Ilé. Òjò sì ti dé, odò ti kún.

"Àwẹ̀ró, kí lo sọ fún ọkùnrin yẹn?"

"Ohun tí ìyá yín ní kí n máa sọ."

Ọlátẹ́jú yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yí ojú sí ògiri.

Ìbò mọ́kànlá péré ni Tíṣà fi fìdí rẹmi. Olùdìbò mẹ́tàlélógójì ló sì wà ní Abà Ọdẹ́wálé nìkan. Ọmọ Òkè-Ayín ló wọlé. Ó da ọ̀dà sí ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọdún méjìlá kọjá kí ìjọba tó tún ẹkùn náà pín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ nílé, ìyàwó nílé, akọ̀wé dúró lójúde. Kí Ọlátẹ́jú tó la ẹnu, Àwẹ̀ró dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ síbi sàréè baba ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Baba-Ilé."

Ó padà wá dojú kọ akọ̀wé. "Ọdẹ́wálé. Abà Ọdẹ́wálé. Kọ ọ́, kí o kà á sí mi létí."

Akọ̀wé kà á. Ìyàwó kékeré kan fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ìyá pe Baba lórúkọ!"

"Mo pè é," ni Àwẹ̀ró wí. "Èyí tí mo pọ̀n dé etí odò ìbá ti ga jù mí lọ. Orúkọ àpọ́nlé kì í dìbò."

Abà Ọdẹ́wálé dìbò lọ́dún náà, afárá sì wà lórí Ayín lónìí. Nínú ilé, Baba-Ilé ni àwọn ìyàwó ṣì ń pe Ọdẹ́wálé, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ bá dé, wọ́n á pe Ọdẹ́wálé ní orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, torí wọ́n ti mọ ohun tó ná wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ àpọ́nlé kì í dìbò.